Gbajúmọ̀ Òbí àti Ọ̀ràn Ọ́tísíìmù: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Láti ìgbà tí a ti kọ díẹ̀ nípa ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń yà sọ́tọ̀ fún ìlanilọ́yẹ̀ lórí ọ́tísíìmù (autism, ọ̀nà ọ̀tọ̀ tí ọpọlọ ọmọ kan gbà ń ṣiṣẹ́) láti ọdún 2008, lẹ́tà yín kò dáwọ́ dúró. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú wọn tí kò dárúkọ òṣèré, olórin tàbí eléré ìdárayá ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan: ohun tí lágbájá sọ lórí tẹlifíṣàn, ohun tí tàmẹ̀dò kọ sínú ìwé nípa ọmọ rẹ̀. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, àkọ́bí, ti pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Ó ti ń sọ “màmá” àti “omi” kó tó pé ọdún kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ náà pòórá. Bí a bá pè é, kì í wẹ̀yìn. Ó lè máa to ìdérí ìgò sílẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Lóṣù tó kọjá ni dókítà sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni. Ọkọ mi wá rí fídíò òṣèré Amẹ́ríkà kan, Jenny McCarthy, tó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á sí ọmọ òun lára, àti pé òun ti tọ́jú ọmọ náà títí ara rẹ̀ fi yá. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ní a kò gbọdọ̀ gbé àbúrò rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bá ọmọ náà ṣeré. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá ọmọ méjì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àforítì. Ibi tó kánjú jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí àbúrò bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èèyi, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles, kí ẹ sì tún gbé e padà lọ gba èkejì nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Abẹ́rẹ́ náà kò fa ọ́tísíìmù.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi sùúrù gba ọ̀rọ̀ òṣèré náà yẹ̀ wò, nítorí pé n kò rò pé baálé yín ṣe ohun àjèjì bó ṣe gbà á gbọ́. Ọdún 2002 ni Jenny McCarthy bí ọmọkùnrin rẹ̀. Gìrì mú ọmọ náà, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, nígbà tó sì di ọdún 2005 wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ́tísíìmù ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ó jókòó lórí ètò tẹlifíṣàn Oprah Winfrey, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ìyá ti ń wò ó láti ilé wọn, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí àjọ ìjọba tó ń mójú tó àrùn ní Amẹ́ríkà kọ ránṣẹ́ sí i létí, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò fi hàn pé abẹ́rẹ́ ló ń fa ọ́tísíìmù. Èsì tó fọ̀ ni pé ọmọ òun tó wà nílé ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tòun. Ní oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e, òun àti òṣèré Jim Carrey, tí wọ́n jọ ń fẹ́ra nígbà náà, ṣíwájú ìwọ́de kan ní Washington lórí ọ̀ràn abẹ́rẹ́, ó sì di ẹni iwájú nínú àjọ kan tí ń jẹ́ Generation Rescue.

Àwọn àgbà ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Etí tó ta yẹn ló mú kí àwọn ìyá mìíràn náà tatí. Bí ìyá kan bá sọ fún wa pé ọmọ òun kì í sùn lóru, pé òun sunkún nínú mọ́tò kí òun tó wọlé, pé dókítà kò fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, òun ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ mọ. Ohun tó fà á jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ojú ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè rí i, bó ti wù kí onítọ̀hún fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó. Àkùkọ a kọ, ilẹ̀ a sì mọ́, síbẹ̀ ẹni tó pa àkùkọ rẹ̀ jẹ lálẹ́ yóò jí bá ojúmọ́. Ní Amẹ́ríkà, láàárín oṣù 12 sí 15 ni wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tí ti èèyi wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MMR. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń yọ lẹ́nu ọmọ, láti àsìkò náà lọ sì ni òbí máa ń fura pé ọ̀rọ̀ kò yọ, tàbí pé èyí tó ti yọ tẹ́lẹ̀ ti ń pòórá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i lára àkọ́bí yín. Nǹkan méjì pàdé lójú ọ̀nà, ni wọ́n bá fi ọ̀kan ṣe bàbá èkejì.

Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀rù náà ti gbilẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 1998, dókítà kan tí ń jẹ́ Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan tó so abẹ́rẹ́ MMR pọ̀ mọ́ ọ́tísíìmù jáde nínú Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn. Ọmọ 12 péré ni ìwádìí náà dá lé. Láti ọdún 2004 ni Brian Deer, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Sunday Times, ti ń tú ìdí rẹ̀: àwọn agbẹjọ́rò tó fẹ́ pe àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ lẹ́jọ́ ti ń san owó fún Wakefield, ohun tí wọ́n sì kọ nípa àwọn ọmọ náà kò bá ohun tó wà nínú fáìlì ilé ìwòsàn wọn mu. Ní oṣù kejì ọdún 2010, Lancet fa ìwádìí náà yọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ Denmark, níbi tí ìjọba ti ń kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 537,303, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Wọ́n tún tẹ̀ lé ọmọ 657,461 mìíràn, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Ọ́tísíìmù kò pọ̀ láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ MMR ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ẹ fi ọmọ 12 sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi ọmọ tó ju mílíọ̀nù kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo fẹ́ kí baálé yín gbọ́ ìtàn àwọn ará Sòmálíà tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni wọ́n. Ọkàn àwọn òbí náà kò balẹ̀ lórí iye àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ní ó ní ọ́tísíìmù. Ìbéèrè tó tọ́ ni wọ́n ń béèrè, ẹni tó sì tètè wá dá wọn lóhùn ni àwọn alátakò abẹ́rẹ́, Wakefield fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 2004, nínú 100 ọmọ wọn, 92 ló ń gba abẹ́rẹ́ MMR lásìkò. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, ó ti wálẹ̀ sí 42. Lọ́dún 2017 èèyi jà ní ìpínlẹ̀ náà, ènìyàn 75 ló sì mú, ọmọ Sòmálíà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ́tísíìmù kò dín kù láàárín wọn nítorí abẹ́rẹ́ tí wọn kò gbà. Èèyi ni wọ́n fi kún un.

Ní ti ìwòsàn tí òṣèré náà sọ, ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ gbà ń ṣiṣẹ́ láti inú oyún ni ọ́tísíìmù, kì í ṣe ibà tí a lè lé lọ. Oúnjẹ tí kò ní àlìkámà kò lè mú un kúrò, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ní ń fa irin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè mú un kúrò. Ẹ sá fún èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí: lọ́dún 2005, ọmọ ọdún márùn-ún kan tó ní ọ́tísíìmù kú ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania nígbà tí wọ́n ń fà á sí i lára. Ohun tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ kò ní ariwo nínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò dáadáa, kí a lè mọ̀ pé ó ń gbọ́ràn. Ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, kí ẹ sì máa bá ọmọ jókòó nídìí ìdérí ìgò rẹ̀, kí ẹ máa bá a tò ó, kí ẹ máa dárúkọ àwọ̀ wọn fún un, nítorí pé ibi tí ọkàn ọmọ wà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún máa ṣàkíyèsí àbúrò rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wọn ní ọ́tísíìmù, bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló máa ń ní i pẹ̀lú, yálà wọ́n gba abẹ́rẹ́ tàbí wọn kò gbà á, nítorí pé ohun tí a ń jogún nínú ìdílé wà nínú ọ̀ràn náà.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí bá baálé yín jà. Bí ó bá jẹ́ ẹnu òbí ló ti fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ sọ fún un nípa Peter Hotez, dókítà àwọn ọmọdé ní Houston tó ń ṣe ìwádìí abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó sì ní ọmọbìnrin ọlọ́tísíìmù. Lọ́dún 2018 ó kọ odindi ìwé kan láti ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ kọ́ ló fa ti ọmọ òun. Òbí ni òun náà. Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ jẹ́ kó máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ibikíbi tí wọn yóò ti fi ẹgba nà án tàbí fi ebi pa á ní orúkọ ìtúsílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ní kí a mú un lọ fún àyẹ̀wò ọ́tísíìmù. Ìyàwó mi gbà, èmi kò gbà. Èmi náà kò tètè sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì di ènìyàn. Ìyàwó mi wá ń sọ̀rọ̀ Holly Robinson Peete àti ọkọ rẹ̀ sí mi létí lójoojúmọ́. Kí ló kàn mí kan òṣèré Amẹ́ríkà? — Bàbá kan, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Ọ̀gbẹ́ni, ọkọ òṣèré náà ló kàn yín jù.

Rodney Peete ni orúkọ rẹ̀. Ó gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí orúkọ wọn dún nídìí eré náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà ni R.J. Ó ń retí pé ọmọkùnrin òun yóò gba bọ́ọ̀lù bíi tòun. Lọ́dún 2000, nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, dókítà ní ọ́tísíìmù ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ọmọ náà kò ní lè ṣe láyé sí wọn létí: kò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré bọ́ọ̀lù, kò ní lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé òun fẹ́ràn wọn. Ọjọ́ “kò ní lè ṣe é láé” ni ìyá ọmọ náà ń pe ọjọ́ yẹn. Ìyá gba ohun tó gbọ́, ó sì múra iṣẹ́. Bàbá kò gbà. Ó rò pé bí òun bá le koko sí ọmọ náà, bí òun bá gbé e lọ sí pápá, yóò bọ̀ sípò. Ìgbéyàwó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dà rú lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 2010 ni ọkọ yìí kó ìtìjú tì, tó kọ ìwé kan fún àwọn bàbá, tó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí àwọn gbajúmọ̀ ti ṣe lórí ọ́tísíìmù, ìwé tí ọkùnrin alágbára kan ti sọ pé òun sá fún òtítọ́ nípa ọmọ òun wà lára èyí tí mo kà sí iyebíye jùlọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá ló ti ń sọ̀rọ̀, àwọn bàbá kì í sọ̀rọ̀.

Kò yẹ kí n fojú fo iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bàbá Holly, Matt Robinson, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe Gordon nínú ètò àwọn ọmọdé Sesame Street lọ́dún 1969. Àrùn Parkinson kọlù ú, nítorí rẹ̀ sì ni Holly àti ọkọ rẹ̀ fi dá àjọ HollyRod sílẹ̀ lọ́dún 1997. Nígbà tí ọ́tísíìmù wọ ilé wọn, wọ́n fi ìyẹn kún iṣẹ́ àjọ náà, wọ́n ń ran àwọn ìdílé tí kò lówó lọ́wọ́. Ohun tí obìnrin yìí ń tẹnu mọ́ ni pé àyẹ̀wò máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Òótọ́ ló sọ: ìwádìí kan ní Philadelphia, tó jáde lọ́dún 2002, fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ tí ìjọba ń sanwó ìtọ́jú wọn, ọmọ aláwọ̀ funfun ti ń gba orúkọ ohun tó ń ṣe é ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀, tí ọmọ aláwọ̀ dúdú sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́jọ. Ọdún kan ààbọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹn jẹ́ ọdún kan ààbọ̀ tí ọmọ ì bá ti máa fi kẹ́kọ̀ọ́. R.J. ti dàgbà báyìí, ó sì rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ eléré baseball Dodgers ní Los Angeles, níbi tí ó ti ń tọ́jú yàrá àwọn eléré.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà. Àyẹ̀wò kì í sọ ọmọ di ohun tí kò jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ẹ mú lọ ni ẹ ó mú padà. Bí ó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe pẹ́ sọ̀rọ̀ ni òun náà ṣe pẹ́, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè bẹ káńsù yín fún ètò ìrànwọ́ tí òfin fi múlẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní EHC plan, kí àyẹ̀wò náà tó parí rárá.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànwọ́ àkànṣe ni mí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin a wọ aṣọ búlúù, a sì lẹ àwòrán ègé àtòpọ̀ (puzzle), tí ọ̀pọ̀ ń lò bí àmì ọ́tísíìmù, mọ́ àyà. Àgbàlagbà ọlọ́tísíìmù kan tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní òun kò fẹ́ràn méjèèjì. Ó yà wá lẹ́nu. Ṣé àwọn òbí kọ́ ló ń jà fún wọn ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Àwọn òbí jà fún wọn lóòótọ́, ìjà náà sì ní èrè. Ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń sọ fún àwọn ìyá pé ọkàn wọn tó tutù sí ọmọ ló fa ọ́tísíìmù. Ẹ fojú inú wo ìyá tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Bernard Rimland, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn tó bí ọmọ ọlọ́tísíìmù ní Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé lọ́dún 1964 tó fọ́ irọ́ náà túútúú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òbí ló dá àjọ tí a mọ̀ lónìí sí National Autistic Society sílẹ̀ lọ́dún 1962, dókítà Lorna Wing, tó ní ọmọbìnrin ọlọ́tísíìmù, sì wà lára wọn. Òun ló kọ́ ayé pé oríṣiríṣi ni ọ́tísíìmù. Àmọ́ ó dùn mí pé Rimland kan náà tó tú àwọn ìyá sílẹ̀ wá gbè sẹ́yìn àwọn tí ń di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ẹnì kan lè sọ òtítọ́ ńlá kan, kó sì ṣìnà nínú òmíràn.

Ibi tí àwọn àgbàlagbà ọlọ́tísíìmù ti bínú ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn. Lọ́dún 2005, Bob Wright, tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn NBC, àti ìyàwó rẹ̀ Suzanne dá àjọ Autism Speaks sílẹ̀ nítorí ọmọ-ọmọ wọn. Owó àti ìmọ̀lára àwọn gbajúmọ̀ ló gbé àjọ náà ga ní kíákíá. Òun ló sì sọ àwọ̀ búlúù di ti ọ́tísíìmù. Lọ́dún 2009 wọ́n gbé fídíò kan jáde tí ohùn kan ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ́tísíìmù fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, tó ń halẹ̀ pé òun yóò tú ìgbéyàwó ká, òun yóò sì gba owó lọ́wọ́ ìdílé. Ẹ rò ó wò, kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ní ọ́tísíìmù jókòó kó máa wo fídíò tó fi òun wé olè tó wọ ilé bàbá rẹ̀. Ariwo ta, àwọn ọlọ́tísíìmù fúnra wọn sì ṣe ìwọ́de. Ọlọ́tísíìmù kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn àjọ náà, òǹkọ̀wé John Elder Robison, fi ipò sílẹ̀ lọ́dún 2013. Ìgbà tó di ìparí ọdún 2015 ni wọ́n tó fi ọlọ́tísíìmù sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ náà, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn kúrò nínú ohun tí wọ́n ní àwọn ń lépa lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Lọ́dún 1993, ọlọ́tísíìmù kan tí ń jẹ́ Jim Sinclair sọ fún àwọn òbí níbi àpérò kan ní Toronto pé kí wọ́n má ṣe ṣọ̀fọ̀ nítorí àwọn: ọmọ tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ kò wáyé rí, èyí tó wáyé sì wà níwájú wọn, ó ń retí wọn. Ègé àtòpọ̀ yẹn náà ń wí fún wọn pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó lára wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí kí n tó kà á nínú ìwé. Kì í sọ̀rọ̀. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan sọ lójú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn gíga, pé àwọn kò lè gbà á mọ́, kí ìyá rẹ̀ máa mú un lọ, ọ̀rọ̀ kò ṣáà yé e. Àwa náà, ẹbí rẹ̀, kò sọ ohunkóhun fún un nílé, nítorí a rò pé kò mọ̀. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò fọwọ́ kan aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá, yóò yí ojú sí ògiri. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ pe àgbàlagbà tó bá yín sọ̀rọ̀ yẹn padà ní ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ra aṣọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀. Ó fẹ́ gbé fídíò ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjìlá tó ní ọ́tísíìmù, sí ojú òpó rẹ̀ láti fi ṣe ìpolongo: ìgbà tí ara ń ni ọmọ náà, tó ń ké, tó ń lu orí mọ́ ilẹ̀. Ó ní ìyẹn ló máa mú àwọn ènìyàn láàánú. Ṣé kí n gbà? — Ìyá rẹ̀, Èkó

ÌDÁHÙN: Rárá, ẹ má gbà. Mo mọ̀ pé inúure ni ọ̀rẹ́ yín ní, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í bóyá ó lè gbà kí wọ́n fi fídíò ọjọ́ tí ojú rẹ̀ rí màbo jù láyé han gbogbo Èkó. Ọmọ ọdún méjìlá yóò di ọmọ ogún ọdún, fídíò náà yóò sì ṣì wà níbẹ̀. Àánú tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ wá kì í pẹ́ kó tó di ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù yẹn ló sì ń mú kí onílé ní kí ẹ kó jáde.

Gbajúmọ̀ lè ṣe púpọ̀ láìfi ọmọ hàn nínú ìrora rẹ̀. Ernie Els, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tó jẹ́ ògbóǹkangí nínú gọ́ọ̀fù, dá àjọ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lọ́dún 2009 nítorí ọmọkùnrin wọn, wọ́n fi ìdíje gọ́ọ̀fù kó owó jọ, wọ́n sì kọ́ ibùdó ńlá tó ní ilé-ẹ̀kọ́ nínú sí ìlú Jupiter ní ìpínlẹ̀ Florida. Lọ́dún 1998, Doug Flutie, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sọ àjọ tirẹ̀, wọ́n sì ta oúnjẹ àárọ̀ tí àwòrán bàbá náà wà lára páálí rẹ̀ láti fi pa owó fún un. Àwòrán bàbá, kì í ṣe ti ọmọ, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí náà. Nílé níbí, ìyá ọmọ ọlọ́tísíìmù kan tí kì í ṣe òṣèré ló dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà, nígbà tí kò rí ibi tí yóò mú ọmọ tirẹ̀ lọ. Irú ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí ọ̀rẹ́ yín kọ́kọ́ ṣe àbẹ̀wò sí, kó jókòó níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan láìmú kámẹ́rà dání.

Bí ó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú òpó rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní èyí kó kà: òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn ènìyàn abirùn léèwọ̀ ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, sọ ní abala kẹtàdínlógún pé ẹnikẹ́ni tó ní irú ìpèníjà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ náà, ó kéré tán títí dé ìparí ilé-ẹ̀kọ́ gíramà. Kó kà á fún àwọn tó ń tẹ̀lé e ní Yorùbá, kó wá béèrè lọ́wọ́ wọn, ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wo ló ń gba ọmọ ọlọ́tísíìmù wọlé, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn yóò wúlò fún àwọn ìyá tó ń kọ̀wé sí mi. Bí ọmọbìnrin yín bá fẹ́ kí wọ́n rí òun nínú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tó bá ń gbà dáhùn, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, àwòrán tàbí ìka tó nà. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá mú wá, ìyẹn ni kí wọ́n yà.